Ta Ló Kọ Pátákó Náà?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹ ó rí i pé ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí àwo oúnjẹ máa ń fi bí a ṣe ń bá ọmọnìkejì wa lò hàn.

Bí ẹ bá wọ ilé kafé ní ìlú wa, ẹ lè rí pátákó kan lára ògiri. Wọ́n á kọ oríṣi oúnjẹ mẹ́ta sí i. Wọ́n á so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á sì dá owó kan ṣoṣo lé wọn. Fún àpẹẹrẹ: kafé oníwàrà, búrẹ́dì àti ẹyin díndín, 800 fráǹkì. Ẹ jẹ́ ká pe irú èyí ní oúnjẹ àsopọ̀.

Ẹ jókòó. Ẹ ní: "Mi ò fẹ́ èyí o. Ẹ bá mi fi tọ̀hún rọ́pò rẹ̀." Wọ́n dá yín lóhùn pé: "Rárá o, a kì í pààrọ̀." Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ta ló jàre? Ṣé oníbàárà tó mú owó rẹ̀ dání ni, àbí ẹni tó ń ta oúnjẹ?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Ohun tí ojú mi rí ní Àjàṣẹ́

Ìyá mi ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Irú àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, a kì í jẹun kí a tó lọ ṣe é. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìyá mi kò ti fi nǹkan kan kan ẹnu, àfi omi. Nígbà tí a fi máa jáde, oòrùn ti ga. Ebi ń pa wọ́n, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. A yà sí ilé kafé kan létí ọ̀nà.

Mo ka pátákó sókè fún wọn. Oúnjẹ àsopọ̀ ló wà níbẹ̀, irú èyí tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí. Ẹyin méjì ni wọ́n fi ń dín ẹyin náà. Wàrà agolo, èyí tó nípọn tó sì dùn, ni wọ́n ń dà sínú kafé.

Ìyá mi sọ fún ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé: "Ọmọ mi, bá mi yọ wàrà àti ṣúgà kúrò nínú kafé yẹn. Kí o wá fi ẹyin kan kún ẹyin mi dípò wàrà náà."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, Màmá. Bó ṣe wà lára pátákó la ṣe ń tà á. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pààrọ̀."

Ẹ̀yin ará, mo dìde. Mo gbé ohùn sókè. Mo ní: "Ṣé ẹ fẹ́ pa ìyá mi ni? Ṣé o ò gbọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ mu ṣúgà? Irú ìwà wo lèyí?" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú sí wa. Ọmọ náà dorí kodò. Àwo tó gbé dání ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi fa aṣọ mi. Wọ́n ní: "Jókòó. Ṣé òun ló kọ pátákó náà?"

Ìyá mi ò mọ̀wé. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí èmi béèrè, àwọn ni wọ́n béèrè rẹ̀.

Ariwo mi ti mú kí ìyá tó ni ilé kafé náà jáde láti ibi ìdáná. Mo ṣàlàyé fún un, ojú sì ń tì mí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ìjà. Kafé tí kò ní wàrà, a ó ṣe é fún Màmá báyìí. Ṣùgbọ́n owó ẹyin ju owó wàrà lọ. Ẹ fi 50 fráǹkì kún un." A gbà. A san 850 fráǹkì. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ, kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ka ẹyin. Bí ọ̀kan bá dín, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́."

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi rò pé ọmọ náà ń fi agídí kọ̀ fún wa ni. Owó oṣù rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Àwọn àgbà wa ní: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Láàárín èmi tí mò ń pariwo àti ẹni tó ń san owó oṣù fún un, ta ni ẹ rò pé ọmọ náà máa bẹ̀rù?

Fíìmù kan láti Amẹ́ríkà

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ti là sí fíìmù kan tí mo ti wò tẹ́lẹ̀, tí mo sì ti rẹ́rìn-ín sí. Mo tún un wò. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ̀rín mi kò pọ̀ mọ́.

Ọdún 1970 ni wọ́n gbé fíìmù náà jáde ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Five Easy Pieces. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni orin márùn-ún tó rọrùn, irú èyí tí ẹni tó ń kọ́ dùùrù máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bob Rafelson ló darí rẹ̀. Jack Nicholson ló ṣe ipò ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Bobby ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà nínú fíìmù.

Inú ilé àwọn olórin ni wọ́n bí Bobby sí. Ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fi ilé sílẹ̀, ó lọ ń ṣe iṣẹ́ agbára níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Nígbà tó gbọ́ pé ara bàbá òun kò dá, ó wa ọkọ̀ lọ sí ìhà àríwá láti lọ rí i. Ojú ọ̀nà ni òun àti obìnrin mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti yà láti jẹun.

Bobby sọ fún obìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé òun fẹ́ ẹyin díndín. Ó ní kí wọ́n yọ ànàmọ́ òyìnbó kúrò, kí wọ́n fi tòmátì rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kafé àti búrẹ́dì àlìkámà tí a yan. Obìnrin náà ní kò sí pààrọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé oúnjẹ nìkan ni àwọn ń tà. Ànàmọ́ òyìnbó ló ń bá ẹyin rìn.

Bobby ní ó dáa, kí wọ́n má fi tòmátì sí i mọ́. Kí wọ́n kàn fún òun ní ẹyin, kafé àti búrẹ́dì yíyan. Obìnrin náà ní àwọn kì í ta búrẹ́dì yíyan lọ́tọ̀. Bobby ní ṣé wọn kì í ṣe sáńdíwíìsì ni? Ṣé wọn ò ní búrẹ́dì? Ṣé wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan án? Obìnrin náà ní òun kọ́ ni òun ń ṣe òfin.

Bobby wá ta ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n gbé sáńdíwíìsì adìyẹ wá, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì yíyan ṣe. Kí wọ́n má fi bọ́tà sí i. Kí wọ́n má fi ewébẹ̀ sí i. Kí wọ́n yọ adìyẹ náà kúrò pẹ̀lú. Kí wọ́n gbé búrẹ́dì rẹ̀ nìkan wá, òun á sì san owó sáńdíwíìsì náà. Lẹ́yìn èyí, ó sọ ọ̀rọ̀ àbùkù kan sí obìnrin náà. Obìnrin náà nawọ́ sí àkọlé kan lára ògiri, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Bobby fi apá gbá àwọn ife tó wà lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀.

Lára gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù náà, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí jù. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní Bobby sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo oníbàárà.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi òdodo sọ ọ́: ẹjọ́ tí Bobby rò kò burú. Búrẹ́dì wà nílé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan án wà nílé. Oníbàárà ní òun á sanwó. Òfin tó ní kí a má ta ohun tó wà nílé fún ẹni tó fẹ́ rà á, òfin tí kò lórí kò nídìí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó gbé ẹjọ́ náà lọ bá. Obìnrin náà ti sọ fún un pé òun kọ́ ni òun ń ṣe òfin. Ó tún bi í bóyá ó fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Bobby ò lọ bá ọ̀gá. Ẹni tó wà nítòsí, tí kò lágbára, tó wọ aṣọ iṣẹ́, òun ni ó bá jà. Mo mọ irú ìjà yẹn. Èmi náà jà á ní Àjàṣẹ́.

Ohun kejì tí mo rí ni pé fíìmù náà kò fún obìnrin náà ní orúkọ. Nígbà tí ife ti dà sílẹ̀, a bá Bobby lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Fíìmù náà kò fi hàn wá ẹni tó ṣa àwọn ife náà, tó sì nu ilẹ̀. Kò fi hàn wá bóyá ọ̀gá yọ owó ife kúrò nínú owó rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nítorí pé ibi tí oníbàárà jókòó sí ni wọ́n fi àwa náà jókòó sí. Ká ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná ni wọ́n fi wá sí ni, ẹ̀rín náà ò bá má wá.

Síbẹ̀, mi ò ní pe fíìmù náà ní fíìmù burúkú. Ó gbọ́n ju ẹ̀rín tí a ń rín sí i lọ. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà yin Bobby pé ọgbọ́n tó ta fún búrẹ́dì náà dára púpọ̀. Kí ni Bobby fi dá a lóhùn? Ó ní òun ò kúkú rí búrẹ́dì náà gbà.

Òótọ́ ni. Kò rí búrẹ́dì. Kò rí ẹyin. Ebi tó gbé wọlé ló gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé rẹ̀ rí nínú fíìmù náà. Ó fi dùùrù sílẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìparí, ó fi obìnrin tó ń bá a gbé sílẹ̀ ní ilé epo, ó gun ọkọ̀ akẹ́rù ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń da tábìlì rú ni. Kò mọ bí a ṣe ń tún un tò. Ẹni tó bá wo fíìmù náà dé òpin á rí i pé wọn ò ní kí a fara wé Bobby.

Kí ló dé tí olóúnjẹ fi ń kọ̀?

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu olóúnjẹ pẹ̀lú. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìdí kìn-ín-ní ni owó. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò. Ká sọ pé tí ẹ bá ra nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kafé oníwàrà jẹ́ 300 fráǹkì, búrẹ́dì jẹ́ 150, ẹyin díndín jẹ́ 450. Ẹ rò ó pọ̀: 900 fráǹkì ni. Ṣùgbọ́n 800 ni wọ́n ń ta oúnjẹ àsopọ̀. Olóúnjẹ ti fi 100 fráǹkì sílẹ̀ fún yín. Ìdí tó fi lè fi í sílẹ̀ ni pé ó ti mọ ohun tí gbogbo ènìyàn máa jẹ. Ó mọ iye búrẹ́dì tó máa rà láàárọ̀. Ó mọ iye ẹyin tó máa tán. Nǹkan kì í ṣẹ́kù bà jẹ́ fún un.

Nísinsìnyí, ká sọ pé wàrà tó ń lò fún ife kan jẹ́ 50 fráǹkì, tí ẹyin kan sì jẹ́ 100. Bí ó bá fi ẹyin rọ́pò wàrà láìgba owó kún un, 50 fráǹkì ti bọ́. Bí ènìyàn 20 bá béèrè bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, 50 lọ́nà 20 jẹ́ 1 000 fráǹkì. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ó di 26 000 fráǹkì. Ìyẹn kì í ṣe owó tí olóúnjẹ kékeré lè gbójú fò.

Ìdí kejì ni iṣẹ́. Láàárọ̀, ènìyàn máa ń pọ̀, ààrò sì lè má ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Bí ẹni kìíní bá ní kí wọ́n yọ àlùbọ́sà, tí ẹnì kejì ní kí wọ́n fi tòmátì rọ́pò ata, tí ẹnì kẹta ní òun fẹ́ sìpàgẹ́ẹ̀tì dípò búrẹ́dì, àṣìṣe á wọlé. Wọ́n á gbé ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa dúró.

Ìdí mejèèjì yìí tọ́. Ẹni tó bá tìtorí wọn kọ̀, tó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kò ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ìdí kẹta kan wà tí kò tọ́. Àwọn olóúnjẹ kan máa ń so ohun tí kò tà mọ́ ohun tó ń tà. Wọ́n mọ̀ pé ẹyin ni ènìyàn fẹ́. Wọ́n á wá so búrẹ́dì àná mọ́ ọn, kí búrẹ́dì náà lè kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ búrẹ́dì, wọ́n á ní a kì í pààrọ̀. Òfin tó wà fún títan oníbàárà ni èyí, kò yẹ kí a fara mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ wa

Ẹ wá ronú sí ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Kétu tàbí ní ọjà Àjàṣẹ́. Kò ní pátákó. Ìkòkò rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ó ní: "Ẹ bù ìrẹsì 150, ẹ fi ẹ̀wà 50 sí i. Mi ò fẹ́ ẹja, ẹ fún mi ní wàrà díndín méjì. Ẹ má jẹ́ kí ata pọ̀." Ó ń gbọ́, ó ń bù ú. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, ó lè fi èènì díẹ̀ lé e.

Níbẹ̀, ẹnì kan kì í bi í bóyá ó gbà kí a pààrọ̀. Kí ló dé? Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá nawọ́ sí lẹ ó san owó rẹ̀. Àti pé ẹni tó ń bu oúnjẹ gan-an ló ni ìkòkò. Kò sí ọ̀gá kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ka ẹyin lálẹ́. Ó lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ̀ ni òfin wà.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé yíyan oúnjẹ jẹ́ àṣà òyìnbó. Ní Paris pàápàá, ní ayé àtijọ́, àlejò tó bá fẹ́ jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ máa ń bá àwọn ẹlòmíràn jókòó sí tábìlì kan náà, ní wákàtí kan náà. Ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ. Àwọn ọdún 1760 ni irú ilé oúnjẹ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde níbẹ̀. Nígbà tó yá, oníbàárà ń jókòó sí tábìlì tirẹ̀, ó ń ka ìwé oúnjẹ, ó sì ń yan ohun tó wù ú. Ìwé kíkà àti yíyan oúnjẹ jọ rìn pọ̀.

Ní Amẹ́ríkà náà, kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ ló ń kọ̀. Ní ọdún 1974, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn fíìmù yẹn, ilé iṣẹ́ Burger King bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpolówó pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n rí i pé gbígbà lè mú èrè wá.

Ìgbà tí kíkọ̀ di ewu

Ẹ jẹ́ ká pín ohun tí oníbàárà máa ń béèrè sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni yíyọ nǹkan kúrò. "Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i." Bí wọn ò bá tíì ṣe oúnjẹ náà, èyí kì í ná olóúnjẹ ní nǹkan kan. Kò yẹ kí ó kọ̀ ọ́.

Èkejì ni pípààrọ̀ ohun tí owó wọn dọ́gba. Bí àyè bá wà, tí èrò kò pọ̀, ó dára kí ó gbà.

Ẹ̀kẹta ni fífi ohun tó wọ́n rọ́pò ohun tí kò wọ́n. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, tàbí kí ó ní kí ẹ fi owó kún un. Kò yẹ kí ẹ bínú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ: ọ̀rọ̀ àìsàn àti ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tàbí ẹja kan lè jẹ́ èèwọ̀ ìdílé ẹnì kan. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti ṣọ́ ohun dídùn. Àwọn mìíràn sì wà tí ara wọn kọ ẹ̀pà tàbí ẹyin tàbí ẹja. Bí wọ́n bá jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun lè wú títí wọn ò fi ní lè mí. Ó ti pa ènìyàn rí.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2014 nítorí irú ewu yìí. Ó di dandan fún olóúnjẹ láti jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọ̀kan nínú ohun 14 bá wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀pà wà lára wọn. Ẹyin, ẹja, wàrà àti yànmọ̀tí náà wà lára wọn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: òfin náà kò ní kí olóúnjẹ pààrọ̀ oúnjẹ. Ohun tó ní kí ó ṣe ni pé kí ó sọ òtítọ́. Bí mo bá mọ ohun tó wà nínú àwo, mo lè dìde lọ síbòmíràn. Bí wọn ò bá sọ fún mi, àwo náà lè di ikú mi.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ kọ ọ́ sára pátákó kí oníbàárà tó jókòó. Ẹ kọ owó ohun kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tí kò bá fẹ́ oúnjẹ àsopọ̀ lè rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fún ọmọ tó ń gbé oúnjẹ láṣẹ lórí ohun kékeré: kí ó lè yọ nǹkan kúrò láìbéèrè, kí ó sì mọ iye tí wọ́n ń fi kún un bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹyin sí i. Bí ẹ ò bá fún un láṣẹ, ẹ má fi í síwájú kí èébú tó jẹ́ tiyín máa bà á. Bí ẹyin bá sì dín nítorí pé ó ṣàánú aláìsàn, ẹ má yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà ẹgbẹ́ mi, ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka pátákó dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tó fọ́ ẹyin, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni, ẹ má tijú, ẹ sọ pé àìsàn ni. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé: "Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀?" Bí ọ̀gá náà bá kọ̀, ẹ dìde, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn. Oníbàárà tó lọ tí kò padà wá máa ń dun ọ̀gá ju ife tó fọ́ lọ. Ife tó fọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló lè san án.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà nínú apó. Ìyá mi mọ èyí láìka ìwé kankan. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹyin mẹ́ta, wọ́n mu kafé tí kò ní ṣúgà, wọ́n sì súre fún ọmọ tó gbé e wá. Èmi ni oúnjẹ náà kò dùn lẹ́nu.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ bínú sí ọlọ́pàá ẹnubodè, sí akọ̀wé ilé ìwòsàn, sí ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjà, tàbí sí ọmọ tó ń gbé kafé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè ìyá mi: ṣé òun ló kọ pátákó náà? Bí òun kọ́ bá ni, ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ lọ.